Àparò Tó Kọjú sí Òsì

Ogún ọdún ni Ọ̀gbẹ́ni Samejima ti ń wá ìkejì ìkòkò òdòdó rẹ̀. Méjì méjì ni àwọn amọ̀kòkò ìlú Kagoshima ní Japan àtijọ́ ń ṣe wọ́n, wọ́n á fi wúrà ya àwòrán sí wọn lára, wọ́n á sì kó wọn sọ́kọ̀ òkun lọ fún òyìnbó. Àparò kan ló wà lára èyí tí Samejima rà padà láti London, ó kọjú sí ọ̀tún. Òsì ni ìkejì gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Chizuru, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń dáná, torí bí bàbá bá gbé ìrẹsì kaná, á jóná. Àfẹ́sọ́nà Chizuru ti ń dúró dè é ní Osaka láti ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, Chizuru dé láti ọjà, ó ń gbọn eérú òkè oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wọn kúrò lára agboòrùn.

"Bàbá, mo rí àparò yín. Ó wà nílé Màmá Arimura, opó ẹ̀bá èbúté yẹn."

Bàbá ti ń wá bàtà. "Ṣé òsì ló kọjú sí?"

"Òsì ni. Ẹ lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ná. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ rà á o. Ẹ rọra."

Ìkòkò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kọ ojú àparò sí ògiri. Samejima rọra yí i padà.

"Láti ayé bàbá bàbá mi ló ti wà nílé wa," ni opó náà wí.

Samejima mọ̀ pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í sùn nílé ará Kagoshima kankan, òkun ló ń gbà lọ. Ó fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n ẹja díndín ti dé iwájú rẹ̀.

Ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń bá opó náà tún páìpù omi ṣe, á sì jẹun tán kó tó rántí wo ìkòkò. Níkẹyìn, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí ẹ tó fún mi ní ìkòkò yìí?"

"Kò ní kúrò nílé yìí, àfi tá a bá jọ kúrò. Ẹ lọ rò ó."

"Mo ti rò ó láti ọjọ́ ẹja díndín."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí igi sakura tanná. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Chizuru kó ẹrù lọ sí Osaka. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè aṣọ ìyàwó tó ti ń tọ́jú owó fún, ó ní ti ìyá òun ti tó. Àparò méjèèjì wá ń wojú ara wọn, Samejima sì ń fọ́nnu kiri pé òun fi ọgbọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ opó.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọ ìkòkò náà ló fa rísíìtì kan yọ nínú rẹ̀, ti ọlọ́jà London kan, ti ọdún tó kọjá, orúkọ ẹni tó ra ọjà sì ni Samejima Chizuru.