Ìsinmi Gerlinde àti Lothar ní Prague

Gerlinde ló dá a lábàá, níparí oṣù kẹjọ ọdún 1989, pé kí àwọn lọ wo ìlú Prague. Ó ní ó ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ti ṣègbéyàwó, àti pé kò sí ibòmíràn tó kù tí ará Jámánì Ìlà-Oòrùn lè lọ láìkọ́kọ́ gba àṣẹ. Lothar ọkọ rẹ̀ kò jiyàn. Ó ní ó dáa, ó sì lọ ra epo sínú mọ́tò. Ó ya Gerlinde lẹ́nu díẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kì í gbà láti sinmi nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ níléeṣẹ́.

Gerlinde kò sọ ìdí tòótọ́ fún un. Antje, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti gba Hungary sá lọ sí Jámánì kejì, ti Ìwọ̀-Oòrùn, tòun toyún nínú, yóò sì bímọ kí òtútù tó mú gan-an. Gerlinde fẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá lè fo ọgbà ẹ́ńbásì Jámánì kejì ní Prague, ọwọ́ ọlọ́pàá ò ní tó o mọ́.

Lothar kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ni. Lọ́sẹ̀ tí Antje lọ, ó dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní òun ò bí ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ìlú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Gerlinde jókòó lọ́wọ́ iwájú, ojú ń wò ó, ó sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà wọn ò dárúkọ Antje nínú ilé mọ́. Tẹ́lẹ̀, "Ìyá wa" ni Lothar máa ń pe ìyàwó rẹ̀, òun náà á sì pè é ní "Bàbá wa". Ní báyìí orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ní Prague, wọ́n rìn bí àlejò ṣe ń rìn. Wọ́n gun orí afárá, wọ́n wo àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Wọ́n dúró sábẹ́ aago ńlá tó wà ní gbàgede ìlú àtijọ́. Nígbà tó lù, fèrèsé kékeré ṣí, àwọn ère onígi kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrèsé sì pa dé.

"Wò wọ́n," Lothar ní. "Wọ́n á yọjú wo ayé, wọ́n á tún tì wọ́n mọ́lé. Bíi tàwọn kan báyìí."

Gerlinde ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ irú àwàdà bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i.

"Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níta?" ó ní. "Ibi tí wọ́n wà tẹ́ wọn lọ́rùn."

Lothar gbójú kúrò lára rẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "O ò parọ́."

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì, Lothar fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́. Ó ní àpò òun ti ya. Nígbà tó wọ balùwẹ̀, Gerlinde rọra fi kọ́kọ́rọ́ náà sábẹ́ ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ọkùnrin náà há sílẹ̀ àjèjì bí òun bá lọ.

Wọ́n jẹun ọ̀sán níbi tí wọ́n ti ń ta bíà, létí odò. Ọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá gbọ́ èdè wọn.

"Jámánì wo lẹ ti wá?" ó béèrè. "Èyí tó ń sanwó ni, àbí èyí tó ń fo ọgbà?"

"Èyí tó ń sanwó," Lothar dá a lóhùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lothar gé ẹran rẹ̀ sí méjì, ó ti èyí tó tóbi sínú àwo ìyàwó rẹ̀.

"Jẹun. O ti rù."

"Ta ló rù? Aṣọ yìí ò gbà mí mọ́."

"Jẹun jàre, Gerlinde." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èédú tá a fi ń yáná máa dé nílé ní Túsìdeè. Má jẹ́ kí wọ́n dà á síta, òjò á pa á."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń dúró tì wọ́n ni?"

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni." Ó mu bíà rẹ̀. "Abọ́ dígí tó o rí lánàá yẹn, lọ rà á. Má kánjú. Èmi á jókòó síbí."

Láti àná ni Gerlinde ti ń wá àwáwí láti dá jáde. Ó dìde. Ó tún kọ́là ọkọ rẹ̀ ṣe.

"Kí ló dé?"

"Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀."

Lothar di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. "Máa rọra rìn," ó ní.

Nígbà tí Gerlinde dé àárín afárá, ó bojú wẹ̀yìn. Lothar ń bọ̀ láàárín èrò, ó ń yára, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Gerlinde sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ó kó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó dúró sẹ́yìn òpó. Ó yọjú wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rí Lothar tó dúró ní ìkóríta, tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ obìnrin kan. Obìnrin náà nawọ́ sí ọ̀nà òkè, ọ̀nà ẹ́ńbásì.

Lothar ti mọ̀, nígbà náà. Bóyá láti ilé ló ti mọ̀, tó fi tètè gbà.

Gerlinde jókòó sórí àga. Ó ṣì lè padà. Ó lè ra abọ́ náà, kí ó máa dúró dè é nídìí oúnjẹ, kí ó ní èrò ló ṣì òun lọ́nà. Wọ́n á jọ wa mọ́tò padà sílé, ilẹ̀kùn á pa dé. Antje á sì rọbí láàárín àjèjì, kò ní sí ẹni tó máa nu òógùn lójú rẹ̀. Ó dìde, ó gba ojú ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn lọ.

Kò rí Lothar lẹ́yìn ọgbà ẹ́ńbásì. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn, ó ń tan sìgá. Gerlinde bọ́ bàtà rẹ̀, ó ju báàgì sínú, ó sì di irin mú. Irin náà fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Ẹnì kan tóun náà fẹ́ fò ti ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ọwọ́ mìíràn fà á láti inú, ó sì jábọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ fò jù mí lọ o," ọmọbìnrin kan ní, ó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. "Kò sí ẹni tó lè mú yín mọ́. Ẹ lọ tò síbẹ̀ yẹn, wọ́n ń pín ọbẹ̀ gbígbóná."

Ó tò. Èémí rẹ̀ ò já gaara.

Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà gbọ́ bó ṣe ń mí, ó yíjú padà, Lothar ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife ọbẹ̀ mú bó ti ń sọ pé, "Gerlinde, jọ̀ọ́, má fẹjọ́ mi sùn."