Agogo Ẹnu Géètì

Oyinadé fúnra rẹ̀ ló wá wáyà náà rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fáànù ṣe ní Dopemu ló ti rà á, wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n tú lára fáànù tó ti jóná. Ó gbé e wá bá ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn.

“Ìyá Kóredé, o ṣeun,” ni Ọláwọlé wí. “Wàá rí i. Bó o bá ti ṣí géètì báyìí, agogo á dún nínú yàrá níbí. Màá ti mọ̀ pé olólùfẹ́ mi ti dé.”

Oyinadé bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn lẹ́nu ọkùnrin náà.

Ọdún kejì ìjọba alágbádá nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri Èkó, wọ́n sì ń fi ojú méjèèjì wá olùkọ́. Oyinadé, tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì kan l'Ágége, ti rí àyè gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ l'Ádó-Èkìtì. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn ayọ̀ náà dé gan-an ni Ọláwọlé yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Dókítà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó ní òun ò rí egungun kankan tó ṣẹ́, kó ṣáà máa sinmi. Ilé-ẹ̀kọ́ gbà láti fi àyè Oyinadé pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Oyinadé mú Kóredé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ fún ìyá rẹ̀ l'Ékìtì. Òun ló ń gbé ọkọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń da póò rẹ̀ nù. Kì í ráhùn. Ta ni ì bá ráhùn fún?

Iṣẹ́ kíká kọ́ìlì ni Ọláwọlé ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to rédíò n'Íkejà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì gbàgbé. Ó fi bébà wé bóòtù irin ńlá kan, ó wá ń ká wáyà náà mọ́ ọn, ìlà kan ń fara ti èkejì pẹ́kípẹ́kí. Oyinadé jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó ń bá a di wáyà mú kó má baà dẹ̀.

“Ṣé iná ò ní gbé wa?”

“Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán? Ìwọ náà! Kò lè gbé eèrà. Bí géètì bá ṣí, páànù méjì á kan ara wọn, iná á gba inú kọ́ìlì, bóòtù á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa irin yìí kó lu agogo. Ó parí.”

Ràsákì, tó ń gbé ilé iwájú, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ n'Íkejà, ló bá wọn kàn án mọ́ ògiri lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láti orí ibùsùn ni Ọláwọlé ti ń pàṣẹ.

“Gbé e sókè sí i. Ó tún kù. Eèrà á kó síbẹ̀ yẹn.”

“Háà! Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn ẹ́,” ni Ràsákì wí, “ẹnu ẹ ò ṣe nǹkan kan.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Agogo àti bátìrì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà kí Ọláwọlé tó ní ó tó.

Agogo náà dára. Bí Oyinadé bá ti ti géètì, á gbọ́ ọ tó ń dún, á sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ pé, “Ẹ káàbọ̀ o, tíṣà mi!” Á wọlé, á bá a lórí ibùsùn bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Ní ọ̀sán, kì í sí ẹlòmíràn nínú ọgbà náà.

Nígbà tó yá, ohùn agogo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Oyinadé ní òun máa ra bátìrì tuntun. Àmọ́ nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ohùn agogo ti tún ń han ketekete.

“Ràsákì ló bá wa sá bátìrì sóòrùn,” ni Ọláwọlé wí.

Kò yà á lẹ́nu. Ilé wo ni wọn kì í ti í sá bátìrì sóòrùn kó lè jí? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó rí Ràsákì tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

“Bọ̀dá Ràsákì, ẹ ṣé àná o!”

“Kò tọ́pẹ́ o, ìyàwó wa!” ni Ràsákì dáhùn. Kò tiẹ̀ dúró.

Oṣù kẹsàn-án, tí ilé-ẹ̀kọ́ máa wọlé, dé. Oyinadé bi ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

“Máa lọ,” ni Ọláwọlé wí. “Má tìtorí mi jókòó. Màá máa wọ́ ara mi nílẹ̀ lọ mumi.”

“Ta ni yóò máa gbé yín?”

“Ọlọ́run ni.” Ó yíjú sí ògiri.

Catherine, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, tí òun náà rí àyè gbà l'Ádó, ló kọ́kọ́ lọ. Oyinadé sìn ín dé ìdí mọ́tò láàárọ̀.

“Bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè mi.”

“Oyin! Ṣé orí ẹ pé? Ọdún kan ni wọ́n fi dúró dè ẹ́ o!”

“Ọkọ mi ni. Ká ní ìwọ ni, ṣé wàá fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn?”

Catherine dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Nígbà tí mọ́tò lọ tán, ó dun Oyinadé wọ egungun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ó gbà pé ohun tó tọ́ lòun ṣe. Kò lè gbé ojú tó wú padà síbi iṣẹ́. Ó ra bátìrì tuntun l'Ágége, ó sì forí lé ilé ní ọ̀sán gangan.

Ó ti géètì. Agogo ò dún.

“Ẹn-ẹ́n, mo mọ̀,” ló wí nínú ara rẹ̀. “Bátìrì yẹn ti kú pátápátá.” Inú rẹ̀ dùn pé òun rántí ra òmíràn. Rédíò ń kọrin kíkankíkan nínú yàrá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó lè fi bátìrì náà ya ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì rọra ká kọ́tìnì sókè.

Orí àga ni Ọláwọlé dúró sí, ó nà tán lórí ọmọníka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń bá rédíò kọrin, ó sì ń to àwọn bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kó nínú oòrùn padà sí ìdí agogo.