Ọkọ̀ Àjèjì Tó Ń Ṣẹ́jú

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àjèjì náà yọ sí wọn, sítíà rọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin náà ló ń wa ọkọ̀ ojú sánmà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ó sì mọ̀ ọ́n sí ọkọ̀ tó máa ń lọ́ra bí ẹlẹ́rù tó ń gun òkè. Lónìí, bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló ń yà.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, Àǹtí," mẹkáníìkì wí. "Mo tún ẹ́ńjìnnì fọ̀ ni."

Kòséwu ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí pé ohun yòówù kó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Lánàá tí wọ́n gba àárín àwọn òkúta ojú sánmà kọjá, ohun kan gbá wọn nídìí gbàmù, iná kékeré tó ń tàn níwájú awakọ̀ fún yàrá ẹ̀yìn sì kú. Kò séwu náà ló sọ. Ó ní gílóòbù ló jó, òun á pààrọ̀ ẹ̀ tó bá yá.

Yàrá ẹ̀yìn ni àwọn ará ilé wọn sùn sí. Òun ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó gbéra, inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn sì gbà wọ̀ ọ́; awakọ̀, mẹkáníìkì àti ọ̀gá ò rí ìta rẹ̀ rí. Wọ́n fún àwọn tó wà níbẹ̀ ní oògùn oorun tí kò ní dá lójú wọn títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Fèrèsé kan wà lára ilẹ̀kùn náà, àmọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ti fi irin bò ó, torí pé awakọ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sunkún nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn rẹ̀, kó dúró níwájú irin kó kí i. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ń lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń rántí jù ni àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ọmọ ọ̀hún lọ bá àwọn tó ń kun etí yàrá náà ṣeré lọ́jọ́ ìgbéra, ọ̀dà pupa sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí tí oorun fi gbé e lọ.

"Ẹ wo ẹ̀yìn," Kòséwu wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ojú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ náà dúdú, ó rí rìbìtì, kò sì jọ ohunkóhun tí wọ́n ti rí rí. Ó ń tan iná, ó ń pa á. Awakọ̀ rọra, òun náà rọra. Awakọ̀ tẹná mọ́ ọn, òun náà tẹná, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí ata kó sí.

"Ẹni rere kì í lé èèyàn báyìí," ọ̀gá wí. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì fọkàn tán ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

"Bóyá ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ béèrè, ọ̀gá."

"Lọ́wọ́ tiwa? Àwa tá ò dé ibi tá à ń lọ rí?"

Kòséwu rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Ọkọ̀ àjèjì náà sún mọ́ wọn, ó yí ẹ̀gbẹ́, ni wọ́n bá rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Apá irin mẹ́rin ló fi gbá ohun gbọọrọ kan mọ́ra, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Ẹnu náà ya jágajàga, wáyà ń rọ̀ jáde láti ibẹ̀. Àmì pupa kékeré kan wà létí rẹ̀. Àwọn apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹnu yẹn síwájú díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ìdí ọkọ̀ wọn gan-an.

"Ìbọn ni," ọ̀gá wí.

Kòséwu ò sọ pé kò séwu. Àyà awakọ̀ já nígbà tí kò gbọ́ ọ.

Ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà wà nínú ọkọ̀ tiwọn náà, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíà. Àmọ́ òfin ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yìn ín sí àlejò láìjẹ́ pé èèyàn méjì nínú wọn fara mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù," Kòséwu bẹ̀bẹ̀. "Wọn ò tíì ṣe wá ní nǹkan kan."

"Àgbà tó rí ejò tí ò sá, ara ikú ló ń yá a," ọ̀gá dá a lóhùn. "Èmi ní ká yìn ín. Awakọ̀, ìwọ ńkọ́?"

Awakọ̀ ń wo ẹnu jágajàga yẹn bó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ̀yìn wa ló ń nà án sí," ó wí. "Ọmọ mi ló wà lẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni màá yìn ín."

"Ibi pupa yẹn ni kó o fojú sùn."

Ó fojú sun ún, ó tẹ bọ́tìnnì. Ohun gbọọrọ náà fọ́ yángá láìdún. Ọkọ̀ àjèjì náà ò yìnbọn padà. Iná rẹ̀ ò ṣẹ́jú mọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀, apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì là sílẹ̀ lófìfo, títí ó fi kéré lójú wọn tí wọn ò rí i mọ́.

Kòséwu mí kanlẹ̀. Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ kan sí awakọ̀, èyí tí kò ṣe rí.

"O káre, ìyá ọmọ. Lọ ṣí irin yẹn lónìí, kó o wo ojú ọmọ rẹ dáadáa."

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni awakọ̀ fi ṣí irin náà, ó fi iwájú orí ti fèrèsé kó lè rí ọmọ rẹ̀, ìràwọ̀ nìkan ló rí níbi tí yàrá ẹ̀yìn yẹ kó wà.