Eyín Mẹ́ta

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkùnrin kan fi jáàkì gbé ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ sókè ní ẹ̀yìnkùlé, ó yọ táyà iwájú kan, ó sì tẹ́ àpò àlòkù sílẹ̀ kó lè kúnlẹ̀ lé e.

Ìyàwó rẹ̀ yóò gbéra lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti fi í ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà, ìrìn odidi ọjọ́ kan, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó ń débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá wọlé síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé ipò náà fún. Ọkọ rẹ̀ kò lè bá a lọ. Ibí yìí ni ilé ìtẹ̀wé tó ti ń jẹun wà. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn náà dé, òun ló kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Òun náà ló ní kò gbọdọ̀ fi bẹ́líìtì tó ti gbó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pé òun tí òun kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní kékeré, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú wọ́tà pọ́ńpù tó ti ń jò.

Onítírélà, aládùúgbò wọn, yọjú lórí ògiri, ó na sípánà ńlá tí wọ́n fẹ́ yá sí i.

"Ọkọ gidi rèé o! Tó bá jẹ́ tèmi ló gba irú iṣẹ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mo máa gbé mì!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí bẹ́líìtì, jíà méjì ló fara hàn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bẹ́líìtì eléyín ló so wọ́n pọ̀. Ọkọ wá ọ̀dà funfun títí, kò rí i. Ìyàwó bá wọlé lọ mú ọ̀dà èékánná rẹ̀ pupa, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi sàmì sára jíà kọ̀ọ̀kan àti sára irin tó kọjú sí i.

"Dádì, kí làmì yìí wà fún?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀.

"Bí bẹ́líìtì tuntun bá wọlé, àmì gbọ́dọ̀ kojú àmì. Tó bá fi eyín mélòó kan yẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ní gbọ́ra wọn yé mọ́. Á kàn máa wúkọ́."

"Ṣé kò ní bàjẹ́?"

"Irú èyí kì í bàjẹ́. Kò kàn ní tan ni."

"Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti gún?"

"Wàá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, láì tan án. Táwọn àmì bá padà wá kojú ara wọn, ó parí. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ."

Ìyàwó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan rólà tó ń fa bẹ́líìtì le. Ọkọ jẹ́ kó tú u, kó sì dè é padà. Sípánà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Pọ́ńpù àtijọ́ ti dípẹtà. Ọkọ yọ ọ́, omi ìdọ̀tí dà sí i láyà. Ó nu ojú irin náà títí tó fi ń dán, ó de tuntun mọ́ ọn, ó sì gbé bẹ́líìtì tuntun kọ́ jíà méjèèjì. Àmì kojú àmì. Ìyàwó wọlé lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná.

Ọkùnrin náà dá wà. Ó ń gbọ́ tí ọmọbìnrin wọn ń kọrin nínú yàrá tó ti ń di ẹrù tirẹ̀. Ó ro bí ilé náà yóò ṣe dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó tú rólà, ó fi eyín mẹ́ta sún bẹ́líìtì kúrò láyè rẹ̀, ó sì tún fà á le. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ṣá pa ẹnikẹ́ni lára.

"Ṣé ẹ ti yí i?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè nígbà tó jáde.

"Mo ti yí i. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ìyàwó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó wo àwọn àmì pupa náà.

"Ẹ lọ dá sípánà onítírélà padà kó tó jáde. Kẹ́ ẹ sì jókòó tì í díẹ̀; ẹ ò tíì sinmi láti àárọ̀."

Onítírélà gbé àga fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ó ní òun yóò fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àbúrò òun. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ilẹ̀ nìkan ló ń wò. Nígbà tó padà délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọwọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ dé ìdérí padà láì bojú wo àmì kankan, torí kò fẹ́ rí ohun tó ṣe. Ó dá táyà padà, ó bu omi sí rédíétọ̀. Ìyàwó kò ní kó tan ọkọ̀ náà wò. Ọkọ dúpẹ́ nínú ara rẹ̀.

Wọ́n jókòó láti jẹun. Abẹ́ èékánná ìyàwó dúdú bó ṣe ń bu oúnjẹ. Ọkọ rò pé ìdí ìkòkò ló ha.

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá o. Ọkọ̀ ti dára."

Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, onítírélà bá wọn gbé ẹrù sínú bùútù. Ọmọ wọlé sẹ́yìn. Ìyàwó jókòó síwájú, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò sì tan ọkọ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ó ń wò ó ṣáá.

Ọkùnrin náà di fèrèsé mú.

"Má wulẹ̀ tan án. Kò ní tan. Èmi ni mo sún bẹ́líìtì yẹn, eyín mẹ́ta. Ẹnu ni mo fi ní kó o máa lọ, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Dárí jì mí. Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kí n tún un ṣe, wàá ṣì bá ọ̀nà."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú onítírélà, kò sì nù ún.

Ìyàwó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún jẹ́jẹ́, kò wúkọ́ rárá.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ yí i lánàá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."