Ìlà Méjì fún Káàdì Kan

Alhaja Safiyat, tó ni ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ọ̀fà, pe Akínwándé Ògúntóbi lórí fóònù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ̀njíníà, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ lórí kọ̀ǹpútà wa o. Káàdì kan, ìlà méjì!"

"Alhaja, bóyá ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì ni."

"Èmi? Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Máa bọ̀ jàre."

Akínwándé ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìbí sílẹ̀ níbẹ̀, káàdì aláboyún kan sí ìlà kan. Ilé ìgbẹ̀bí mìíràn ní Ìjàgbo ń retí ẹ̀rí Alhaja kí àwọn náà tó gba ètò náà. Bí ìlà bá wá ń pọ̀ fúnra rẹ̀, kálukú yóò padà sídìí ìwé ńlá rẹ̀. Ó pe Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀, tó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òjokù nítorí oyún rẹ̀ ku oṣù kan. Kò gbé e. Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Alhaja.

Ẹ̀rín ni àwọn nọ́ọ̀sì fi pàdé rẹ̀. Kò bá wọn rín in. Ó ṣí ètò náà, ó wo ibi tó ti pàṣẹ pé kí bọ́tìnnì fi ìlà kún tábìlì; ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì nígbà márùn-ún, ìlà márùn-ún wọlé, ó pa wọ́n rẹ́. Méjì ti àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀: káàdì kan náà, ọjọ́ kan náà, àmọ́ aago ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ju èkejì lọ.

"Aago kọ̀ǹpútà yín náà ti ya wèrè," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n pa ìlà kejì rẹ́."

"Rárá o!" Gbogbo wọn ló pariwo pọ̀. Nọ́ọ̀sì Àdìkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Inú bí Akínwándé. "Oúnjẹ ẹnu mi lẹ fi ń ṣeré yìí o!"

"Kó o tó pa nǹkan kan rẹ́," ni Alhaja wí, "fa tábìlì yẹn sápá ọ̀tún. Wo ibi orúkọ ọmọ."

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀, Alhaja? Òfìfo nibẹ̀ máa ń wà títí di ọjọ́ ìkómọ." Síbẹ̀, ó fà á.

Táíwò ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé ní ìkejì, níwájú àwọn méjèèjì, níbi orúkọ bàbá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: Akínwándé Ògúntóbi, ẹ̀njíníà kọ̀ǹpútà.