Ewúrẹ́ Tí A Kò So

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá olè nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà, tí ó gbé tẹlifíṣọ̀n lé èjìká. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú okùn, ṣùgbọ́n kò tíì dè é. Ogún ọdún ni ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ewúrẹ́ tí a kò so ní í jẹ iṣu aládùúgbò. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ní ìyá, iṣẹ́ àti ìjọ kì í jalè.

“O kò ní ìyá, àbí?”

“Wọ́n wà ní Ṣakí, sà. Àná ni mo kí wọn.”

“Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà nílé, sà, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta.”

“Iṣẹ́?”

“Mò ń ránṣọ ní Ring Road. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe kíá, sà. Èmi ni olórí akọrin ìjọ wa, aago márùn-ún la ó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.”

Òógùn bo ọ̀jọ̀gbọ́n. “Irọ́ ni! Ẹni tí a so tó báyìí kò lè jalè!”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ta lẹ ní?”

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, wọn kì í pè é. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí ẹ̀kọ́ ogún ọdún kò bá ní í di irọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè jẹ́ olè nínú pálọ̀ náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi okùn lé àlejò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i.

“Tètè dè mí,” ni ó wí, “kí n tó fo ògiri aládùúgbò.”