Omi Àlejò

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, òṣìṣẹ́ tó ń ka òjò tún dé sílé Àwẹ̀ró. Ó wo ẹ̀rọ tí ìjọba wọn lódìkejì ààlà gbé sórí òrùlé láti fi wọn òjò, ó ní kí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá jáde fún ọkọ̀ tó ń gbé omi lọ sọ́dọ̀ wọn.

"Méjìlá péré lòjò rọ̀ sí táńkì mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣé kẹ́ẹ̀gì kan ni màá fi mọ búlọ́ọ̀kù?"

"Màmá, ẹ má bínú. Òfin ni."

Ẹ má bínú kẹ̀! Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí odò tiwọn lọ́hùn-ún gbẹ, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun wọ̀lú nítorí odò olódò. Wọ́n fa ìyẹn gbẹ tán, ojú ọ̀run ló kàn. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù Àwẹ̀ró ti dípẹtà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti sọdá ààlà, wọ́n ń kọ́lé fún àwọn tó wó ilé tiwọn.

Ọkùnrin náà jókòó, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ó ń retí omi tútù tí wọ́n fi ń kí àlejò nílùú yìí. Àwẹ̀ró kò fi dù ú rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ọkọ rẹ̀.

Ó gbé ife fún un. Ọkùnrin náà gbé e sẹ́nu.

"Màmá, kò sómi níbẹ̀."

"Àlejò là ń fún lómi," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Àlejò sì máa ń padà sílé rẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lò ń lọ?"